Oko Lucy Láàárín Ilé Tuntun

Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, ọ̀nà Bukuru a kún fún ọkọ̀. Gbogbo àdúgbò ń sáré lọ síbi iṣẹ́ nínú ìlú Jos, àwọn mìíràn ń lọ títí dé Bauchi Road. Lucy Adédìran ní tirẹ̀ a gbé ọkọ́ lé èjìká, a kọjú sódò.

Abúlé àgbẹ̀ ni àdúgbò náà nígbà tí wọ́n bí i. Olùkọ́ ni bàbá rẹ̀, láti Èkìtì ni ìjọba ti gbé e wá. Da Pam, àgbà ọmọ onílẹ̀, fún un ní ilẹ̀ létí odò, ó ní kò yẹ kí ẹni tó ń kọ́ ọmọ àwọn máa ra oúnjẹ jẹ. Ibẹ̀ ni Lucy ti kọ́ bí a ṣe ń gbin ọ̀dùnkún òyìnbó àti kábéèjì. Nígbà tí bàbá fẹ̀yìn tì, tó padà sílé, Lucy ò bá a lọ.

Ìgbà tó yá, ilẹ̀ ìgboro di ọ̀wọ́n, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí kọ́lé sábúlé. Oko ń di ilé lọ́tùn-ún lósì. Lucy ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ohun tó rí ni pé ìrọ̀lẹ́ làwọn òbí ń dé, àwọn ọmọ tó ti ilé-ìwé bọ̀ sì ń jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn tó wà ní títì. Ló bá ń kó wọn lọ sóko. A se ọ̀dùnkún fún wọn, wọn a ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé wọn lábẹ́ máńgòrò, wọn a bá a tu koríko. Hausa ni wọ́n ń sọ sí i, Yorùbá ló fi ń dá wọn lóhùn, títí Yorùbá fi yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu.

Lẹ́yìn ikú Da Pam, Benjamin ọmọ rẹ̀ wá sọ fún un pé òun ti rí ẹni tó fẹ́ ra gbogbo etí odò náà. Lucy ò kúnlẹ̀, kò sunkún.

“Ilẹ̀ bàbá rẹ ni, mi ò bá ọ jiyàn,” ló wí. “Ṣùgbọ́n kí o tó tà á, wá wò ó lọ́sàn-án.”

Benjamin gba àyè níbi iṣẹ́ ní ọjọ́ kejì, ó wá. Ó mọ̀ pé Kaneng, ọmọ òun, wà lára àwọn tí Lucy ń tọ́jú, àmọ́ kò dé ibẹ̀ rí nígbà tí wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́. Kaneng gbójú sókè láti ibi tó ti ń wa ọ̀dùnkún.

“Bàbá, ẹ má tẹ ebè yẹn.”

Benjamin yẹ ẹsẹ̀. Ó bọ́ bàtà iṣẹ́ rẹ̀, ó bá wọn wa ọ̀dùnkún títí oòrùn fi rọlẹ̀.

Ó ta apá òkè. Níwájú àwọn àgbà ìdílé, ó fa apá ìsàlẹ̀ lé Lucy lọ́wọ́. Apá òkè yẹn dun Lucy, ibẹ̀ ni kábéèjì rẹ̀ ti máa ń ṣe dáadáa jù, ṣùgbọ́n ó ká èyí tó kù níbẹ̀, ó sì kọ ebè tuntun sísàlẹ̀.

Olúkọ́lá ló kọ́lé sórí apá òkè, òun àti ìyàwó rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú ìlú. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n kó dé tó fi mú ọmọ rẹ̀ méjì sọ̀ kalẹ̀ wá sóko, ó ń bẹ Lucy pé kó bá òun fojú sí wọn. Lucy bi àwọn ọmọ náà bóyá wọ́n mọ ìyàtọ̀ láàárín koríko àti ewé ọ̀dùnkún. Wọ́n ní rárá.

“Ẹ máa bọ̀,” ló wí.