Ojú Ìwé Mẹ́sàn-án Tó Sọnù ní Kinkinau

Nígbà tí mo ń tún rédíò àti telifísàn ṣe ní Narayi, ní Kàdúná, ọ̀pọ̀ oníbàárà kì í gbà pé èmi obìnrin yìí ni mo ni ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n á wọlé, wọ́n á béèrè ọ̀gá. Bàbá kan láti àdúgbò Kinkinau kò béèrè. Ó jókòó, ó ní, "Ọmọ mi, wọ́n ní o mọ kọ̀ǹpútà tú. Tèmi ti darúgbó, àmọ́ kò tíì darúgbó tó mi."

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń tà fún ìdílé láyé ọjọ́un, tí gbogbo inú rẹ̀ wà lábẹ́ bọ́tìnnì ìtẹ̀wé, tí wọ́n ń so mọ́ telifísàn. Ó ń fi í kọ ìtàn ìdílé rẹ̀ fún àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, àwọn tó gbọ́ Yorùbá àmọ́ tí wọ́n ń fi Hausa dá a lóhùn. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú, lẹ́tà ńlá ló ń lò, lẹ́tà ńlá sì wúwo fún kọ̀ǹpútà náà. Tó bá tẹ ọ̀rọ̀ kan, á dúró dúró kó tó hàn.

Ọmọbìnrin rẹ̀ tó wà ní London fi bọ́ọ̀dù kékeré kan ránṣẹ́, tó ní ọpọlọ tuntun lára, èyí tí wọ́n máa ń fi sínú kọ̀ǹpútà àtijọ́ kó lè yára. Èmi ni mo lọ bá a fi sí i nílé rẹ̀. Nígbà tó tẹ orúkọ ara rẹ̀, tí lẹ́tà ń jáde bí ìka rẹ̀ ṣe ń lọ, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó. Tayọ̀tayọ̀ ni mo fi padà sí Narayi.

Lọ́sẹ̀ kejì, ó ránṣẹ́ pè mí. Kọ̀ǹpútà ti ń gan. Á ṣiṣẹ́ fún bí ìdajì wákàtí, nígbà mìíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ, lẹ́yìn náà àwòrán á dúró gbagidi, kò ní gbọ́ ti bọ́tìnnì kankan mọ́, àfi kí wọ́n pa á. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, ojú ìwé mẹ́sàn-án ló bá a lọ. Ìtàn ìyá rẹ̀ ni.

"Bàbá, ṣé ẹ kì í fi í pamọ́ sínú díìsìkì bí ẹ ṣe ń kọ ọ́ ni?" Bí mo ṣe sọ ọ́ kò dáa. Ohùn ẹni tó ń wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi rù ni.

"Ìgbà tí mo fẹ́ fi í pamọ́ gan-an ló dúró," ó dá mi lóhùn.

Mo kọ́kọ́ fura sí iná ìjọba, mo gbé sitabiláísà wá. Ó tún gan. Mo ní ooru ni, torí ọpọlọ tuntun náà ń gbóná. Mo ṣí ìdérí, mo kọjú fáánù sí i. Ó tún gan. Mo yọ bọ́ọ̀dù náà, mo fi írésà nu eyín idẹ tó fi ń wọnú kọ̀ǹpútà títí ó fi ń dán, torí kò síbi tí eruku ọyẹ́ kì í wọ̀ ní Kàdúná. Ó ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di ọ̀sán, ọkàn mi balẹ̀. Kí n tó wọ bàtà mi, ó ti gan.

Lọ́jọ́ kẹta, ìyàwó bàbá gbé kúnù tútù wá fún mi nígbà tí ọkọ rẹ̀ lọ kírun.

"Kò jẹun dáadáa láti ọjọ́ tí ìwé yẹn ti lọ," ó ní. "Kékeré ló wà nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ohun tó rántí nípa rẹ̀ kò pọ̀, gbogbo rẹ̀ ló sì kọ síbẹ̀." Ó gbé ife náà lé mi lọ́wọ́. "Èmi ò mọ ẹ̀rọ o, àmọ́ mo máa ń gbọ́ ọ láti yàrá. Bí díìsìkì yẹn bá ti ń kùn, kò ní pẹ́ tí bàbá á fi pòṣé."

Mo gbé ife kúnù sílẹ̀. Ohun kan náà ni bàbá ti sọ fún mi, tí mi ò gbọ́. Nígbà tó dé, mo fi mítà tí mo fi ń wọn iná sí ibi tí iná ń gbà wọnú kọ̀ǹpútà, mo ní kó fi ọ̀rọ̀ kan pamọ́. Fóltì márùn-ún ló yẹ kó wà níbẹ̀. Bí díìsìkì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ọwọ́ mítà ń wálẹ̀, àwòrán sì dúró. Àpótí iná tó bá kọ̀ǹpútà náà wá kò lágbára láti bọ́ ọpọlọ tuntun àti díìsìkì pọ̀.

"Bàbá, èmi ni mo jẹ̀bi," mo ní. "Kì í ṣe ẹ̀yin, kì í ṣe iná ìjọba. Ó yẹ kí n ti wọn iná yìí kí n tó fi bọ́ọ̀dù yẹn sí i rárá. Ẹ dárí jì mí."

"Mo ti na ọmọ kan rí," ó ní, "lórí ìṣirò tí èmi fúnra mi kọ ní àṣìkọ sójú pátákó. Mi ò bẹ̀ ẹ́. Ìwọ ti bẹ̀ mí. Ó tó."

Mo tú àpótí iná lára kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kan tó ti kú, mo so wáyà rẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà bàbá. Ká lè mọ̀ bóyá kò ní gan mọ́, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa tẹ̀wé lọ láìsinmi, kó sì máa fi í pamọ́ lóòrèkóòrè. Mo ní kí bàbá máa sọ̀rọ̀, kí n máa tẹ̀ ẹ́. Ó bi mí pé kí ni kí òun sọ. Mo ní kó sọ nípa ìyá rẹ̀.

Ọ̀sán méjì la fi ṣe é. Díìsìkì ń kùn, àwòrán ò gan. Ìyàwó rẹ̀ jókòó tì wá, ó ń rán an létí àwọn nǹkan tó ti sọ fún un nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, tí bàbá fúnra rẹ̀ ti gbàgbé. Bẹ́ẹ̀ sì ni ohun kan wà tí kò padà: orin tí ìyá bàbá máa ń kọ bó bá ń ran òwú. Bàbá mọ̀ pé òun kọ ọ́ sínú ti àkọ́kọ́. Ó dijú, ó gbìyànjú. Nígbà tó yá, ó ní kí n fi ìlà mẹ́ta sílẹ̀ lófìfo níbẹ̀ fún orin náà, ká máa lọ.