Nọ́ńbà Onílé Nọ́ọ̀sì

Ẹ súnmọ́bí, ẹ fìdí kalẹ̀. Ẹni tó bá gbé omi sórí iná, kó lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kó tó wá, torí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àgbọ́dúró.

Nígbà náà, èmi ni mò ń bójú tó fóònù nílé-iṣẹ́ bisikíìtì kan ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ẹ̀rọ kan wà lọ́dọ̀ mi tó ń gba ohùn sílẹ̀ fún ẹni tí kò bá sí nítòsí. Kálukú ló ní àpótí tirẹ̀ nínú rẹ̀. Ti nọ́ọ̀sì ilé-iṣẹ́ wa, tó tún ń gbẹ̀bí, yàtọ̀: bí ohùn bá ti bọ́ síbẹ̀, ẹ̀rọ á fúnra rẹ̀ pe ilé tí nọ́ọ̀sì ń gbé ní Ìgàndó láti jíṣẹ́. Fóònù onílé rẹ̀ ni. Onílé ò fẹ́ kí wọ́n fọ́n nọ́ńbà òun káàkiri, nítorí náà èmi àti ẹ̀rọ nìkan la mọ̀ ọ́n níbi iṣẹ́.

Nígbà tí Iléyá ku ọ̀la, ọ̀gá pè mí.

“Àwọn ará ìta ń gba inú ẹ̀rọ yẹn pe òkè òkun. Ti gbogbo ọ̀nà àtijáde ẹ̀ pa.”

“Gbogbo ẹ̀, sà?”

“Àbí kí n tún un sọ lédè Òyìnbó?”

Mo tì í pa, mo lọ sílé ọdún. Mi ò rántí nọ́ọ̀sì rárá.

Lọ́jọ́ kejì, mo ń gé ẹran lọ́wọ́ ní Ìkòtún nígbà tí awakọ̀ ilé-iṣẹ́ wa já wọlé, bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wọ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ìyàwó mi ti ń rọbí látàárọ̀ ní Ayọ̀bọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti fi ohùn sílẹ̀ fún nọ́ọ̀sì, kò yọjú!”

Mo mọ̀ pé oyún tó ṣáájú, òkú ọmọ ni ìyàwó rẹ̀ bí. Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ìyàwó mi ní, “Kí ló dé? Ṣé orí àgbò gé yín jẹ ni?”

Ọ̀kadà kan ṣoṣo ló gbé àwa méjèèjì dé Ẹ̀gbẹ́dá. Mẹ́gáàdì ń kí wa kú ọdún, a sáré kọjá. Iná pupa ń ṣẹ́jú lára ẹ̀rọ. Ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀, wọn ò lọ ibì kankan. Fóònù orí tábìlì mi, tí kò gba inú ẹ̀rọ, nìkan ló ṣì lè pe ìta. Mo ṣí ìwé nọ́ńbà mi, mo tẹ ti onílé. Onílé gbé e.

“Ẹ̀rọ aláìlẹ́kọ̀ọ́, o tún dé! Mo máa ń kí ọ, o kì í dáhùn!”

“Bàbá, èèyàn ni mí! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe nọ́ọ̀sì!”

“Ẹ̀n-ẹ́n, èèyàn! Ẹ kú ọdún o. Ẹran wa ńkọ́?”

“Bàbá, obìnrin kan ń rọbí!”

Ó gbé fóònù kalẹ̀. Mo gbọ́ sálúbàtà rẹ̀ tó ń lọ, ṣàà, ṣàà. Awakọ̀ di aṣọ mi mú títí ó fi ya. Nọ́ọ̀sì dé ìdí fóònù, mo ní ìyàwó awakọ̀ wa ni. Kò kí mi: “Ẹ sọ fún un pé mo ti ń lọ.”

Orí ọmọ ti yọ kí nọ́ọ̀sì tó débẹ̀, ìwọ́ sì ti lọ́ mọ́ ọn lọ́rùn. Nọ́ọ̀sì tú u; ó pẹ́ kí ọmọ tó ké. Obìnrin ni.

Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, mo jẹ́wọ́ fún awakọ̀ pé èmi ni mo ti ọ̀nà pa. Ó ti abọ́ oúnjẹ sún mọ́ mi.

“Ẹ máa jẹun, ẹ̀gbọ́n.”

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ kógbá wọlé, àwọn tó ń ra irin àlòkù ló kó ẹ̀rọ. Àwa pín ìyókù láàrin ara wa: nọ́ọ̀sì gba àga mi. Awakọ̀ mú kọ́kọ́rọ́ yàrá fóònù, kò sì sí ilẹ̀kùn tó ń ṣí mọ́. Èmi jogún ìwé nọ́ńbà. Ti onílé ló wà lókè pátápátá. Bàbá náà ti kú tipẹ́, mi ò pa á rẹ́.