Ọbẹ̀ Tí Ó Dà Sí Iyanrìn

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ni ẹni àkọ́kọ́ tó dójú tì mí ní Kútọnu. Lọ́jọ́ tí a ń ṣe àjọ̀dún òmìnira, ó tọ́ ọbẹ̀ ẹja tí mo sè wò, ó sì dà á sí iyanrìn àgbàlá lójú gbogbo àlejò tó ti Pobè wá. Nítorí pé olùkọ́ Faransé ni mí, ó ní, "Tíṣà, ṣé ìwé Faransé ni wọ́n fi ń se ẹja?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mi ò gbàgbé.

Obìnrin yìí kan náà ló ń kọ́ àwa obìnrin ní ẹ̀kọ́ ìsọdimímọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yìn ni mo máa ń jókòó sí, tí mo ń yínmú. Ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, mo rí ohun tí mi ò fẹ́ rí. Bí èébú bá ti dé ètè rẹ̀, á fọwọ́ bo ẹnu, á mú ìgbálẹ̀, á sì lọ gbá àgbàlá. Àgbàlá wa wá mọ́ ju ti gbogbo àdúgbò lọ.

Mo bi í pé, "Ìyá mi, kí ló dé tí ẹ ò bú mi mọ́?"

"Ọjọ́ kan ni Jésù gba ọkàn mi, ìyàwó. Ẹnu yìí ló kù tó ṣì ń tún ṣe."

Síbẹ̀ kò dárúkọ ọbẹ̀ yẹn rí, bẹ́ẹ̀ ohun tí mo ń dúró dè nìyẹn.

Nígbà tí kò lè mú ìgbálẹ̀ mọ́, èmi ni mo ń gbọ́ oúnjẹ rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó jẹ ọbẹ̀ ẹja mi tán, ó fọwọ́ bo ẹnu, ó tún gbé ọwọ́ náà kúrò.

"Ìyàwó mi, ọbẹ̀ ọjọ́sí yẹn dùn. Torí ó dùn ju tèmi lọ ni mo ṣe dà á nù."