Ọjọ́ Tí Màmá Di Àpótí Nínú Kọ̀ǹpútà

Iṣẹ́ tí mò ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì kò le láti ṣàlàyé: bí ẹ̀rọ àti ènìyàn ṣe ń ṣiṣẹ́ pọ̀, àti ibi tí wọ́n ti ń dí ara wọn lọ́wọ́. Sọ́fítíwíà la fi ń ṣe é nínú láàbù. Wàá ya àwọn àpótí sójú kọ̀ǹpútà, wàá fi ìlà so wọ́n pọ̀, wàá tẹ bọ́tìnì, gbogbo rẹ̀ á sì máa ṣiṣẹ́ níwájú rẹ bíi pé òótọ́ ni.

Ọkọ̀ òfuurufú ni àpẹẹrẹ tó bá sọ́fítíwíà náà wá. Ó ti sú àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọmọbìnrin kan tó ń ti àdúgbò Fagge wá ní, "Mà, ta ló ní ọkọ̀ òfuurufú nílé? Ẹ fún wa ní nǹkan tá a mọ̀."

Mo ní, "Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká lo táńkì omi ilé wa."

Ní Sabon Gari, lẹ́yìn Ibo Road, ni èmi àti màmá mi ń gbé. Láràárọ̀ ni táńkì wa ń kún àkúnwọ́sílẹ̀, tí omi á ṣàn dé ẹnu ọ̀nà gbogbo ayálégbé. Màmá ló ń pa pọ́ǹpù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá wò ó. Bí àwọn ayálégbé ṣe pariwo pé, "Màmá, ó ti kún o!" Màmá dìde. Màmá kọ́kọ́ kí télọ̀ ẹnu géètì kú iṣẹ́: "Sannu da aiki, malam!" Wọ́n béèrè àlàáfíà ọmọ ayálégbé kan tí ara rẹ̀ ń gbóná. Wọ́n bá ìyàwó ojúlé kejì tún gèlè rẹ̀ wé. Kí wọ́n tó dé ìdí pọ́ǹpù, ẹsẹ̀ wa ti wà nínú omi.

Nígbà tá a padà sí láàbù, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ya kànga, pọ́ǹpù àti táńkì. Wọ́n wá ya àpótí kan sí i, wọ́n kọ "MÀMÁ" sí i lára. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di tábìlì mú. A tẹ bọ́tìnì, omi ṣàn bíi ti ilé wa gẹ́lẹ́. A fi táńkì tó tóbi jù ú lọ rọ́pò rẹ̀, omi ṣì ṣàn. A yọ ìkíni kúrò lára Màmá, kò ṣàn mọ́!

"Wallahi, Mà, pọ́ǹpù ò jẹ̀bi!" ni ọmọbìnrin Fagge yẹn wí.

Mo sọ fún Màmá nílé. "Èmi? Nínú kọ̀ǹpútà? Ta ló fi mí síbẹ̀?" Lọ́jọ́ kejì, Màmá wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n bá mi lọ sí láàbù. Wọ́n tẹjú mọ́ àpótí náà. "Ṣé bí mo ṣe kúrú tó nìyí?" Àwọn ọmọ fi han Màmá bí omi ṣe ń dúró tí kò bá sí ìkíni. Ẹ̀rù ń bà wọ́n kí inú má bí ìyá àgbà.

Màmá ní, "Tí mi ò bá kí ènìyàn mọ́, ṣé omi ni n ó máa bá ṣọ̀rẹ́? Ẹ wá nǹkan mìíràn ṣe. Ìkíni ò ní kúrò."

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n wá ya bọ́ọ̀lù kékeré tó ń léfòó lójú omi, tó ń pa pọ́ǹpù fúnra rẹ̀ bí táńkì bá kún. Màmá inú kọ̀ǹpútà kí gbogbo ayé, omi ò sì ṣàn. Màmá tòótọ́ bú sórin, kíláàsì ń pàtẹ́wọ́, olùkọ́ yàrá kejì sáré wá bi wá bóyá a ti ń ṣe ìsìn ni.

Ní Sátidé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá fi bọ́ọ̀lù náà sí táńkì wa. Gbogbo ọgbà gbójú sókè. Pọ́ǹpù kùn, ó kùn, ó sì dákẹ́ fúnra rẹ̀. Ìta gbẹ táútáú. Télọ̀ ju fìlà sókè: "Kai!"

Màmá ní, "Ẹ jẹ́ ká tún wò ó!"

Bí àwọn ayálégbé ṣe gbé gbogbo garawa jáde nìyẹn. Wọ́n fọ aṣọ tó mọ́, wọ́n wẹ ọmọ tó ti wẹ̀, wọ́n fọ géètì, kí omi táńkì sáà lè fà, kí pọ́ǹpù lè tún ṣiṣẹ́, kí a lè tún gbọ́ bí yóò ṣe dákẹ́.