Ìdí Agbọ̀n Obì

Òórùn ewé tútù tí wọ́n fi ń tẹ́ inú agbọ̀n obì ni mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́ tí ẹnikẹ́ni bá ti sọ̀rọ̀ báńkì níwájú mi. Nígbà yẹn, òṣìṣẹ́ báńkì kékeré kan ní Ṣàgámù ni mí. Mo máa ń so táì mọ́rùn nínú oòrùn ọ̀sán, bí ẹni pé táì ló ń mú kí owó pọ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n máa wọ ọjà obì lọ, kí n máa bẹ àwọn oníṣòwò pé kí wọ́n gbé owó wọn wá sọ́dọ̀ wa.

Ìyá kan wà níbẹ̀, àgbà láàárín àwọn Mùsùlùmí tó ń ta gbànja. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ bá a, ńṣe ló da agbọ̀n obì kan sílẹ̀ pátápátá, tó ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú ọjà yẹn, ẹnikẹ́ni kì í ra agbọ̀n láìdà á délẹ̀, torí èyí tó dára jù ni wọ́n máa ń tò sókè. Tí wọ́n bá sì rí kòkòrò nísàlẹ̀, wọn kì í bá alábàárù jà, wọn kì í bá àwọn obìnrin tó ṣà á jà. Ẹni tó ni agbọ̀n ni wọ́n ń pè jáde lójú gbogbo ọjà.

Ìyá wò mí tòkètilẹ̀. Ó ní, “Ọmọ mi, báńkì yín yìí, ṣé o ti dà á délẹ̀ wò?”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Ẹ má ṣèyọnu, Ìyá. Òkè òkun ni ọ̀gá wa ti kàwé.” Ọlọ́run ló mọ ohun tí òkè òkun fi kan ìbéèrè Ìyá. Ìyá gbà, ó sì kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá.

Kò pẹ́ tí ọ̀gá àgbà wa bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé pélébé ránṣẹ́ sí mi. Ó ní kí n kọ ẹ̀yáwó sórúkọ àwọn oníṣòwò tí wọn kò tọrọ ẹ̀yáwó rárá. Èmi á kọ ọ́, kaṣíà wa, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń tọ́mọ lọ́wọ́, á sanwó fún ẹni tí ọ̀gá bá rán wá, owó á sì lọ síbi ilé alájà mẹ́ta tí ọ̀gá ń kọ́. Mo mọ̀. Mo pa ọ̀kan nínú àwọn ìwé náà mọ́ sínú Bíbélì mi, tòun ti ìfọwọ́sí ọ̀gá lórí rẹ̀. Ẹ̀rù ló jẹ́ kí n ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìgboyà.

Nígbà tí báńkì dojú dé, kaṣíà ni àwọn ọlọ́pàá wá mú. Wọ́n ní ara ọ̀gá ò yá. Ìyá kó èmi àti àwọn ará ilé kaṣíà lẹ́yìn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Ọlọ́pàá tó wà nídìí tábìlì ní, “Ìyá, òun ló sanwó. Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀.”

Ìyá ní, “Ta wá ló gbà á sílẹ̀? Alábàárù lẹ mú yìí. Ẹ lọ pe ẹni tó lagbọ̀n!”

Ìyá yíjú sí mi. “Ìwọ ńkọ́, ọmọ mi? Ṣé o ò rí nǹkan kan ni?”

Ọmọ kaṣíà ń ké lẹ́yìn ìyá àgbà rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi Bíbélì mi pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, torí ìwé tó lè gba obìnrin yẹn sílẹ̀, òun náà ló máa fi hàn pé èmi ni mo kọ àwọn ẹ̀yáwó èké yẹn. Lọ́jọ́ kẹrin, mo gbé Bíbélì mi lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n tú kaṣíà sílẹ̀, wọ́n ti èmi mọ́lé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó tọ́ sí mi.

Ọ̀gá fara hàn ní kóòtù níkẹyìn, tòun ti agbẹjọ́rò mẹ́ta. Wọ́n sún ẹjọ́ náà síwájú títí ó fi sú olóko àti ọlọ́jà. Ìgbà tó yá, adájọ́ ní báńkì ló jẹ̀bi, kí báńkì san owó ìtanràn. Ọ̀gá wọ mọ́tò rẹ̀, ó lọ sílé.

Ìyá dúró lẹ́nu ọ̀nà kóòtù. “Báńkì ló jẹ̀bi? Ṣé báńkì lọ́wọ́ tó fi kọ̀wé ni?” Títí Ìyá fi kú ló ń bi mí ní ìbéèrè yìí.

Obì ni èmi náà ń tà báyìí. Lóṣù tó kọjá, mo kó agbọ̀n lọ pàdé ọkọ̀ tó ń lọ sí Òkè Ọya ní Intaṣéńjì, ní oríta ọ̀nà márosẹ̀. Mọ́tò ńlá kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọ̀gá na ọwọ́ méjèèjì jáde láti gba búrẹ́dì. Ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ṣé dáadáa ni?” Kí n tó ronú, mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ọ̀dà.

Àwọn àgbà ní ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi kò ti rọlẹ̀. Ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló pé, èmi ni mo sì dọ̀bálẹ̀.