Ọkùnrin Tó Ń Lẹ Ekòló Rọ́bà

Ẹ̀gbẹ́ ilé epo tó wà ní oríta ni ọkùnrin yìí ti ń lẹ táyà. Alátáyà ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Orúkọ náà ti mọ́ ọn lára débi pé bí ẹnì kan bá pe orúkọ àbísọ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó má bojú wẹ̀yìn. Ó ga, ó tín-ín-rín, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì dúdú fún rọ́bà tí ọṣẹ kankan ò lè fọ̀ mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ti kú tipẹ́, wọn ò sì bímọ kó tó lọ. Yàrá kan ló ń gbé, lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn alágbàfọ̀. Ooru áyọ́ọ̀nù wọn ń gba abẹ́ pákó wọlé bá a. Nígbà òtútù, ìyẹn dára. Nígbà ooru, ńṣe ló ń sùn bí ẹni tí wọ́n ń yan.

Àbúrò kan ṣoṣo ló ní láyé. Àbúrò yìí ń wa bọ́ọ̀sì akérò nínú ìlú, ọlọ́yàyà ni, ó mọ ẹni tó ń wọ ọkọ̀ rẹ̀ àti aláìsàn tí onítọ̀hún ń lọ kí ní ilé ìwòsàn. Ẹ̀gbọ́n kì í sọ̀rọ̀, àbúrò kì í dákẹ́, nítorí náà wọ́n bá ara wọn mu. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, wọ́n á gbé ọ̀pá ìwọ̀ wọn, wọ́n á gba ẹ̀yìn ìlú lọ sí adágún omi ńlá tí ìjọba sé síbẹ̀.

Ẹja báàsì ni wọ́n ń bá lọ. Ẹja aláwọ̀ ewé ni, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ bí ẹnu àpò, agídí rẹ̀ sì ju ti ewúrẹ́ lọ. Ekòló rọ́bà ni wọ́n fi ń tàn án, ohun rírọ̀ kan tó gùn bí ìka ọwọ́, tó máa ń jó nínú omi bíi pé ẹ̀mí wà lára rẹ̀. Ìyọnu ibẹ̀ ni pé kì í pẹ́ ya. Bí èèyàn bá jù ú sómi fúngbà díẹ̀, orí rẹ̀, níbi tí ìwọ̀ gbà wọlé, á là. Bí ẹja bá wá gbé e tó sì gbọnrí, ó parí nìyẹn. Àwọn apẹja yòókù á já a sọnù, wọ́n á mú òmíràn. Alátáyà ò lè wo ìyẹn níran. Ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ dí ihò, báwo ló ṣe fẹ́ rí èyí tó là kó mójú kúrò?

Góòmù táyà ló kọ́kọ́ fi lẹ ọ̀kan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ekòló náà ti yọ́, ó ń fà yọ̀ọ̀ bí ikun imú. Àbúrò rẹ̀ rín ẹ̀rín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ikun lẹ fẹ́ fi pẹja ni?"

"Rẹ́rìn-ín tó bá wù ẹ́," ni Alátáyà wí. "Màá mọ̀ ọ́n ṣe."

Ó sì mọ̀ ọ́n ṣe lóòótọ́. Ó rí i pé iná ló ń gbọ́, kì í ṣe góòmù. Á yá ọ̀bẹ pẹlẹbẹ kan níná, á fi ojú méjèèjì tó ya kan ọ̀bẹ náà kí wọ́n lè yọ́ díẹ̀, á fa ọ̀bẹ yọ, á tẹ ojú méjèèjì mọ́ra, kò sì ní mí títí wọ́n á fi dì. Lẹ́yìn náà ó gé rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ láti ara túbù kẹ̀kẹ́, ó ṣe é ní òrùka kékeré, ó fi de ìbàdí ekòló, kó lè jẹ́ pé abẹ́ òrùka ni ìwọ̀ á gbà, kì í ṣe inú ara ekòló. Bí ẹja bá fà á, òrùka ló ń fà. Ó tún kọ́ àbúrò rẹ̀ pé kó máa ti ekòló sókè lórí okùn kó tó yọ ìwọ̀ lẹ́nu ẹja, kó má fi wọ́n sínú oòrùn, kó má sì kó dúdú pọ̀ mọ́ pupa, torí wọ́n máa ń ràn mọ́ ara wọn. Àbúrò ló ń ra ekòló, ẹ̀gbọ́n ló ń tún wọn ṣe. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn títí irun àwọn méjèèjì fi funfun.

Àfi ọjọ́ kan tí ọ̀rọ̀ yí bírí. Ọjọ́ iṣẹ́ ni, ní òwúrọ̀ tí bọ́ọ̀sì kún fọ́fọ́. Nígbà tó yẹ kí àbúrò yà sí ọ̀nà ọjà, kò yà. Ó wakọ̀ kọjá ilé ìwòsàn, ó kọjá ilé ẹjọ́, ó gba ẹ̀yìn ìlú lọ. Àwọn èrò kọ́kọ́ rò pé wọ́n dí ọ̀nà ni. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Kò dá wọn lóhùn títí ó fi dé etí adágún, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó ṣílẹ̀kùn, ó sì kọjú sí wọn tẹ̀ríntẹ̀rín.

"A ti dé o. Ẹ rọra sọ̀kalẹ̀, kí ẹja má baà gbúròó yín."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan tó ń gbé ọmọ rẹ̀ tí ara rẹ̀ ò yá lọ sílé ìwòsàn bú sẹ́kún. Wọ́n pe ọlọ́pàá, ọlọ́pàá pe ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì, ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì pe Alátáyà. Nígbà tó débẹ̀, àbúrò rẹ̀ ṣì wà lórí ìjókòó dírẹ́bà, ó ń wo omi.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló pẹ́ yín tó báyìí?" ló bi í.

Àwọn dókítà ní ìgbàgbé ni, irú èyí tí kì í padà sẹ́yìn. Ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní ìlú mìíràn, wá kó bàbá rẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, ó kúnlẹ̀ kí Alátáyà.

"Dádì Àgbà, ẹ má bínú. Mi ò lè fi wọ́n sílẹ̀ láwọn nìkan."

"Kí ni kí n bínú sí? Ohun tó yẹ lo ṣe."

Ó ràn wọ́n lọ́wọ́ di ẹrù, ó juwọ́ sí wọn, ó padà síbi táyà rẹ̀. Àpò ekòló rọ́bà nìkan ni wọn ò kó lọ.

Láti ìgbà náà, òun nìkan ló ń lọ sí adágún. Kò mọ ohun tó fẹ́ fi ẹnu rẹ̀ ṣe níbẹ̀. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ wà, dídákẹ́ ni ìpín tirẹ̀, ó sì dùn mọ́ ọn. Ní báyìí, ńṣe ni ìdákẹ́jẹ́ náà kàn wà níbẹ̀, kò sí ẹni tó ń bá a gbé e. Nígbà mìíràn á gbúròó ẹja tó fò lókè omi, á yíjú sápá òsì láti sọ pé, "O rí yẹn?" Koríko lásán ló máa rí.

Kò ra ekòló tuntun. Obìnrin tó ń ta ohun ìpẹja bi í léèrè nígbà tó lọ ra okùn.

"Bàbá, àwọn ekòló tuntun wọlé o. Ẹ ò ní mú díẹ̀?"

"Èyí tó wà lọ́wọ́ mi ṣì ń ṣiṣẹ́."

"Ẹ fẹ́ fi wọ́n ṣe ogún fún ọmọ ọmọ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sanwó okùn. Kò mọ bó ṣe máa sọ ọ́ pé àwọn tó wà nínú àpò yẹn ni àbúrò òun fọwọ́ ara rẹ̀ ṣà, tó ń fìka tẹ̀ wọ́n, tó ń wo èyí tó rọ̀ jù. Bẹ́ẹ̀ ni Alátáyà ṣe ń jó wọn pọ̀ tí ó tún ń jó wọn pọ̀. Bí orí kan bá ti yọ́ kọjá àtúnṣe, á gé e kúrò, á fi ìyókù ṣe kúkúrú. Bí méjì bá ti di àjákù, á so orí ọ̀kan mọ́ ìrù èkejì. Ó ní dúdú tó ní ìrù pupa, ó ní aláwọ̀ ewé tí ojú àpá rẹ̀ pọ̀ bí ti ajagun. Ẹja ò mà kọ̀ wọ́n.

Ọ̀kan lára wọn ló wà lẹ́nu ìwọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan tí kùrukùru ṣẹ̀ṣẹ̀ ká kúrò lójú omi. Ó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi kan tó wó somi. Ó jẹ́ kó rì. Okùn rọra gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni fi ìka kan ilẹ̀kùn, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ. Alátáyà fà. Ọ̀pá tẹ̀ débi pé ó rò pé ara igi ló há sí. Ni ohun tó wà nísàlẹ̀ bá bínú.

Òun àti ohun náà jọ fà á títí apá fi ń ro ó. Nígbà tí ẹja náà yọrí níkẹyìn, ẹnu ya Alátáyà. Kò rí irú rẹ̀ rí. Ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ lè wọ ẹnu ẹja náà láìkan ẹ̀gbẹ́. Ó kúnlẹ̀ sínú omi, ó fọwọ́ gbé e lábẹ́ ikùn, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò sẹ́nì kankan. Ní òdìkejì adágún lọ́hùn-ún, ọkùnrin kan ń rìn lọ pẹ̀lú ajá rẹ̀. Alátáyà gbé ẹja náà sókè, ó gbé e sókè dáadáa. Ọkùnrin náà rò pé ó ń kí òun ni. Ó juwọ́ padà, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Alátáyà jókòó sínú omi níbi tó wà, ẹja lórí itan. Lẹ́yìn náà ó jẹ́ kó lọ. Ekòló ti já sí méjì. Ó fi í sápò ẹ̀wù.

Lọ́jọ́ kejì, ó fọwọ́ wọn ẹja náà fún ọmọbìnrin tó ń ta epo.

"Ó tó báyìí."

"Ẹ kú orí ire, Bàbá," ni ọmọbìnrin náà wí, ó sì ti ń sáré lọ bá ọkọ̀ tó ń fun fèrè.

Ìgbà yẹn ni ara rẹ̀ ò gbà á mọ́. Ó ti pẹ́ tí ọmọ àbúrò rẹ̀ ti ń pè é pé kó wá kí wọn, tí òun ń sọ pé iṣẹ́ pọ̀. Kò sí iṣẹ́ kankan tó pọ̀. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó wọ ọkọ̀.

Ọmọ náà ṣílẹ̀kùn, ó dì mọ́ ọn. "Dádì Àgbà, ẹ jẹ́ n tètè sọ fún yín. Wọ́n lè má mọ̀ yín o."

Àbúrò rẹ̀ wà lórí àga lẹ́bàá fèrèsé, wọ́n ti gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mọ́ tónítóní. Ó gbójú sókè, ó rí Alátáyà, ó sì gbìyànjú láti dìde bí ọmọlúàbí.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ jókòó."

Alátáyà jókòó. Gbogbo ohun tó ti kó jọ sẹ́nu pátá ló gbé mì. Kí ọwọ́ rẹ̀ lè rí nǹkan ṣe, ó tọwọ́ bọ àpò, ó sì mú ekòló tó já yọ.

Àbúrò rẹ̀ na ọwọ́ gbà á. Ó yí i wò síwá sẹ́yìn, ojú rẹ̀ sì le.

"Ta ló fà á já báyìí?"

"Ẹja ni."

"Ẹ níná lọ́wọ́? Ẹ bá mi wá ọ̀bẹ pẹlẹbẹ." Ọmọ rẹ̀ fẹ́ kọ̀, ṣùgbọ́n Alátáyà ṣẹ́jú sí i. Ó gbé ọ̀bẹ wá, Alátáyà yá a níná, ó sì dì í mú. Àbúrò rẹ̀ fi ojú méjèèjì kan ọ̀bẹ, ó ní kó fà á yọ, ó tẹ̀ wọ́n mọ́ra. Kò mí. Nígbà tó dì, ó fà á wò, ó mi orí pé ó dáa.

"Ẹ má fi góòmù sí i o. Iná ni. Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́ mi."

"Ẹ ní ẹ̀gbọ́n?" ni Alátáyà bi í. Láti ìgbà tí ìyá wọn ti bí wọn, kò fi "ẹ" bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀ rí. Ó kàn bọ́ sí i lẹ́nu ni, kó má baà dẹ́rù bà á.

"Mo ní. Alátáyà ni. Kì í sọ̀rọ̀, àmọ́ èèyàn dáadáa ni. Á ti wà létí omi báyìí, á máa wò mí lójú ọ̀nà." Ó wo ìta. "Bí ẹ bá gba ibẹ̀ lọ, ẹ bá mi sọ fún un pé mò ń bọ̀."

"Màá sọ fún un."

Ọmọ rẹ̀ sáré wọ ilé ìdáná lọ.

Nígbà náà ni Alátáyà wá sọ ọ̀rọ̀ ẹja náà fún un, láti orí igi tó wó somi títí dórí ọkùnrin alájá. Kò sọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ tẹ̀ síwájú lórí àga, ó ń gbọ́, ó ń béèrè irú omi tó jẹ́ àti àwọ̀ ekòló. Nígbà tí Alátáyà fi ẹ̀ṣẹ́ ṣàpẹẹrẹ ẹnu ẹja, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ parọ́ o, sà! Àwa apẹja, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ wá!"

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Ó ń lọ kí i látìgbà náà, bí oṣù bá ti ń parí. Nígbà kan, ó dán an wò, ó ní, "Èmi ni ẹ̀gbọ́n ẹ." Ìdààmú bo ojú àbúrò rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀kùn, ó ń wá ọmọ rẹ̀. Níkẹyìn ó fi sùúrù dáhùn pé, "Rárá, sà. Ẹ̀gbọ́n mi ò tíì dàgbà tó yín." Alátáyà ò tún sọ ọ́ mọ́. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó máa ń mú ìtàn ẹja tuntun lọ, ì báà jẹ́ ti ẹja kékeré. Ọmọ náà sọ fún un pé bí ó bá ti lọ tán, bàbá òun máa ń béèrè ìgbà tí ọkùnrin ẹlẹ́ja yẹn ń padà bọ̀.

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé e padà sílé ní irọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyá àgbàlagbà kan jókòó tì í, ó ń bó ọsàn jẹ, ó sì bù fún un.

"Níbo lẹ ti ń bọ̀?" ni ìyá náà béèrè.

Alátáyà gba ọsàn náà, ó dúpẹ́. "Mo lọ kí ọ̀rẹ́ mi kan ni," ó wí, ó sì kọjú sí fèrèsé.