Gàní àti Oṣù Mẹ́ta Rẹ̀

Gàní ń rán gàárì ẹṣin lẹ́yìn Ọjà-Ọba ní Ìlọrin. Kò lè dúró de nǹkan kan. Lọ́dún tí rélùwéè dé Jẹ́bà, ó ní kí Fàsílátù ìyàwó rẹ̀, ìyá Binta ọmọ wọn, bu omi àlùwàlá wá. Obìnrin náà rọra ń bọ̀, bó ti máa ń rìn. Gàní ní, "Mo kọ̀ ẹ́." Ẹ̀ẹ̀kan ló sọ ọ́. Ọjọ́ kìíní oṣù ni. Fàsílátù gbé omi kalẹ̀, ó di ẹrù, ó padà sí ilé àwọn ẹbí rẹ̀ ní erékùṣù kékeré kan nínú Odò Ọya.

Fàsílátù ti dàgbà, kò rí nǹkan oṣù mọ́, nítorí náà oṣù mẹ́ta ni òfin ṣẹ̀ríà fún ọkọ rẹ̀ láti gbà á padà. Bí ìyẹn bá kọjá, àfi bí obìnrin bá gbà kí wọ́n tún yìgì so. Gàní bínú títí ó fi ku ọjọ́ mẹ́fà. Ó yà sọ́dọ̀ àlùfáà àdúgbò kó lè béèrè bí wọ́n ṣe ń gba ìyàwó padà. Àlùfáà ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú lọ́wọ́. Gàní ò dúró. Ó wọ rélùwéè lọ sí Jẹ́bà.

Mọ̀múdù, ẹ̀gbọ́n Fàsílátù, fi ọkọ̀ gbé e sọdá.

"Ẹ káàbọ̀, àna wa. Ẹ jẹun ná."

Ó jẹun tán, ó la ẹnu.

"Ẹ sùn ná. Ọ̀rọ̀ kì í rà bí ẹja."

Èèyàn ibẹ̀ ò ju ogójì lọ. Ẹnikẹ́ni kì í sáré. Wọ́n á na àwọ̀n sórí iyanrìn, wọ́n á jókòó tì í títí á fi gbẹ. Lọ́jọ́ kejì Gàní fẹ́ sọ̀rọ̀, ojú àna tì í. Lọ́jọ́ kẹta kò tilẹ̀ gbìyànjú. Ó sùn lọ́sàn-án lábẹ́ igi àjàgbọn, ohun tí kò ṣe rí láti kékeré. Fàsílátù ń yan ẹja létí omi, ó ń yí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Gàní ń wò ó. Kò sí èyí tó jóná.

Lẹ́yìn ìrun Mọ̀gàríbì ọjọ́ kẹfà, àwọn ọmọdé nawọ́ sí oṣù tuntun. Ìgbà náà ni Mọ̀múdù tó ní, "Ó yá, àna wa. Kí lẹ bá wá?"

"Mo wá gba ìyàwó mi padà."

"Oṣù ti lé. Oṣù mẹ́ta ti pé."

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n jẹun ná!"

"Mo ní kẹ́ ẹ jẹun, mi ò di yín lẹ́nu. Gbólóhùn kan pé ẹ gbà á padà, níwájú ẹlẹ́rìí méjì nílé yín, ì bá ti tó. Ìlọrin, ìlú àlùfáà! Ẹ ò béèrè ni?"

Gàní lọ bá Fàsílátù nídìí iná, ó bẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tún yìgì so.

"Ẹ jókòó, Bàbá Binta. Ẹ jẹ́ n rò ó."

"Títí dìgbà wo?"

"Ẹ mọ̀ pé mo máa ń pẹ́."

Ó jókòó. Obìnrin náà yí ẹja kan, ó yí òmíràn. Ẹja tó kù pọ̀. Gàní dìde, ó gba ìdí ọkọ̀ lọ.